Ẹnu Ẹ̀rọ ní Klaipėda

Èmi ni mo ń tú ikùn rẹ̀ láràárọ̀,
kí àwọn oníbùrẹ́dì tó já ẹrù wọn kalẹ̀.
Ó ga jù mí lọ. Ẹnu rẹ̀ rí róbótó,
iná tíntínní kan ń ṣẹ́jú lókè ètè rẹ̀.
Ìgò ike òfìfo ni oúnjẹ rẹ̀,
sẹ́ńtì mẹ́wàá lórí òkèlè kọ̀ọ̀kan.
Ẹ bá mi wá alájẹkì mìíràn
tó ń sanwó fún ẹni tó ń bọ́ ọ.

Mo mọ àwọn oníbàárà rẹ̀:
ọmọ ilé-ìwé tí súìtì ń pè,
ọkùnrin tó gbé àpò mẹ́fà sẹ́yìn mọ́tò,
tí kò fẹ́ kí ojú mi ka iye bíà inú wọn.
Lẹ́yìn wọn, Genovaitė.

Ọgbọ̀n ọdún ló fi to ẹja sínú agolo
nílé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti wó.
Ní báyìí, etí òkun ló ń jí lọ,
nígbà tí àwọn tó ṣàríyá mọ́jú ṣì ń hanrun,
ó ń bẹ̀rẹ̀, ó ń nàró, ó ń bẹ̀rẹ̀,
bí ẹni pé iyanrìn jẹ́ àgbà tó ń kí.
Ọwọ́ tó jù ú nù kọ́ ni ọwọ́ tó ń gbowó rẹ̀.

Ó máa ń fi aṣọ nu ọrùn wọn.
Mo ní, "Ìyá, ẹ̀rọ á ṣáà tẹ̀ wọ́n pẹlẹbẹ."
Ó wò mí.
"Òkú pàápàá, a máa ń wẹ̀ ẹ́ kó tó wọlẹ̀."

Lọ́jọ́ kan, ó mú ọ̀kan wá tí táyà ti gùn kọjá.
Ẹ̀rọ bì í. Ó tún fi í sẹ́nu rẹ̀, ó tún bì í.
Òun tí títẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀,
kò fẹ́ èyí tí ẹlòmíràn ti tẹ̀.
Genovaitė fi ẹnu kan ẹnu ìgò náà,
ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó tún fẹ́ ẹ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n,
àwọn tó tò sẹ́yìn ń mí kanlẹ̀,
títí ike fi dún pàkà, tí ìhà rẹ̀ yọ síta,
bí ẹni tó gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ lójú oorun.
Iná ṣẹ́jú. Ẹ̀rọ gbé e mì.

Ó fi rìsíìtì rẹ̀ ra bùrẹ́dì dúdú
àti tíkẹ́ẹ̀tì tẹ́tẹ́ kan, irú èyí tí kò jẹ rí.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo tú ikùn ẹ̀rọ.
Gbogbo wọn ti pẹlẹbẹ, n kò mọ ti ọmọdé,
n kò mọ ti onítìjú,
mo ṣáà ń wá èyí tí èémí rẹ̀ wọ̀.
Awakọ̀ tó fẹ́ kó wọn lọ ń fọn fèrè.
Mo ní kó fún mi ní ìṣẹ́jú kan.