Ọ̀rá Mẹ́wàá Tó Kù

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò wá sáyé ní ìhòòhò.
Ara igi ló ti wọ ẹ̀wù rẹ̀ bọ̀,
ẹ̀wù tí kò ní bọ́tìnì, tí abẹ́rẹ́ kò kàn,
tí ọmọdé lè bọ́ láìlo ọ̀bẹ.
Síbẹ̀, ní Machala níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́,
ẹ̀wù lórí ẹ̀wù la tún ń wọ̀ fún un:
ọ̀rá aláwọ̀ aró lórí igi, kí kòkòrò má bàa fẹnu kàn án,
fóòmù láàárín ìdì kan àti èkejì,
ọ̀rá funfun nínú páálí,
àlẹ̀mọ́ róbótó lára èso, bí ẹni pé yóò ṣìnà.
Òkú ọlọ́lá là ń dì báyìí,
kì í ṣe oúnjẹ.

Ọdún kọkànlá mi rèé nídìí táńkì omi
tí a ti ń fọ oje kúrò lára ọ̀gẹ̀dẹ̀.
Eufemia Apolo ló máa ń dúró lápá ọ̀tún mi.
Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó máa ń kà.
Ìwé pélébé kan ń bẹ nínú àpò ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀,
ibẹ̀ ló ń kọ iye ọ̀rá aró tó lọ sóko láàárọ̀
àti iye tó bọ̀ nírọ̀lẹ́.
Irinwó lọ. Irinwó ó dín mẹ́wàá bọ̀.
Lọ́jọ́ kejì, irinwó lọ.
Irinwó ó dín mẹ́wàá bọ̀.
Nelio alábòójútó rẹ́rìn-ín: “Mẹ́wàá péré?”
Eufemia ò gbójú sókè.
“Mẹ́wàá lójúmọ́,” ó ní.
“Lọ bi odò léèrè iye tó ti gbé mì.”

Lẹ́tà dé láti Hamburg.
Wọ́n ní àwọn oníbàárà àwọn kò fẹ́ rí ọ̀rá mọ́.
Wọn ò fẹ́ *rí* i. Mo dúró lórí ọ̀rọ̀ yẹn.
Ohun tí ojú ò fẹ́ rí,
ṣé ó ti di ohun tí kò sí nìyẹn?
Ká yọ fóòmù, wọ́n ní. Ká yọ àlẹ̀mọ́.
Ká fi bébà rọ́pò ọ̀rá inú páálí.
Ojú ìwé mẹ́rin ni lẹ́tà náà;
mo wá ọ̀rọ̀ owó nínú rẹ̀ tì.

A gbà. Ta ni yóò kọ̀?
Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọkọ̀ òkun ń rìn,
ọ̀rinrin sì mọ bébà í jẹ.
Páálí àkọ́kọ́ tú mọ́ wọn lọ́wọ́ ní èbúté,
owó òfò náà, ara owó iṣẹ́ tiwa ni wọ́n ti yọ ọ́.

Eufemia ní ká fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tẹ́ inú páálí,
bí ìyá rẹ̀ ti ń fi í di wàrà.
Nelio mi orí: àwọn aṣọ́bodè ò gba ewé,
àrùn igi máa ń gun ewé rìnrìn àjò.
Ewé kò ní físà.
Ọ̀rá ní.

Nígbà tó yá, a rí bébà tó ki,
tí wọ́n fi sítáàṣì ẹ̀gẹ́ pa lára.
Ó dé Hamburg láìya. Inú mi dùn, n ò ní purọ́.
Fóòmù ti lọ, ilẹ̀ ilé ìdìpọ̀ wa mọ́;
ariwo rẹ̀ lábẹ́ bàtà, tó máa ń ta mí léyín,
ti kásẹ̀ nílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rá aró ṣì wà lórí igi.
Kò wọ inú ọkọ̀ rí, kò dé Hamburg rí,
lẹ́tà wọn kò sì mọ orúkọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, èmi àti Eufemia mú igi onígàgá,
a lọ sí ibi tí odò Jubones ti ń bá òkun pàdé.
Ọ̀rá kan ti wé mọ́ gbòǹgbò igi etí omi,
ó ti di àwọ̀ erùpẹ̀, alákàn kan ń gbé inú rẹ̀.
A bẹ alákàn náà kó jáde.
Ó pẹ́ díẹ̀.
Eufemia fọ ọ̀rá náà, ó ká a,
ó ṣí ìwé pélébé rẹ̀ padà sẹ́yìn gan-an,
ó fa ìlà lé iye kan,
ó sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́:
irinwó ó dín mẹ́sàn-án.