Kùkùté Abẹ́ Afárá

Èmi ni mo ń kọ̀wé fún àwọn àgbà
ní abúlé wa lábẹ́ òkè yìnyín, nílẹ̀ Kirigísì.
Mo mọ bí irọ́ ṣe ń wúkọ́ kó tó sọ̀rọ̀.
Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, kò sẹ́ni tó purọ́.
Ìyẹn ló jẹ́ kí ẹjọ́ náà le.

Ságínbékì dìde, ó ṣí fìlà onírun rẹ̀:
"Lọ́dún tí wọ́n kọ ìwé ilẹ̀ wa,
ẹ̀bá abà Bùrúlíṣà ni odò ń gbà.
Ìwé sì wí pé odò ni ààlà.
Nítorí náà, èmi ni mo ni pápá àárín."
Ìwé náà ti pé ọdún méjìdínlọ́gọ́ta.

Ó kọ́kọ́ nawọ́ sí afárá.
Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Afárá olókùúta
tó dá dúró láàárín koríko, tí kò sọdá ohunkóhun,
tí àgùntàn ń sá òjò sábẹ́ rẹ̀.
"Ṣé èèyàn a máa mọ afárá sórí ilẹ̀ gbígbẹ ni?"
Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà mi orí.

Ó mú àwòrán jáde: ìyá rẹ̀ àgbà
ká aṣọ sókè, ó ń fọ irun àgùntàn,
omi dé e lórúnkún, afárá wà lẹ́yìn rẹ̀.
Mo yí àwòrán náà padà. Ẹ̀yìn rẹ̀ funfun báláú.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú Bàbá Mámbẹ́tì wọlé,
ó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún.
"Mo lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀. Ibẹ̀ ni àbúrò mi kú sí."
Ó bú sẹ́kún.
Ilé pa lọ́lọ́. Kálámù mi dúró.
Ní tèmi, ẹjọ́ ti parí: ta ni yóò bá omijé jiyàn?

Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.
Anákúlì ló jókòó láàárín àwọn àgbà,
obìnrin tó fi ogójì ọdún kọ́ ọmọ ní ìṣirò.
Ó bu tíì fún bàbá náà, ó dúró tó fi mu ún tán.
Ó yíjú sí mi: "Ka ohun tí Ságínbékì sọ. Bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́."
Mo kà á: "Lọ́dún tí wọ́n kọ ìwé..."
"Dúró níbẹ̀.

Afárá sọ pé odò gba ibẹ̀ rí. A gbà.
Àwòrán sọ bẹ́ẹ̀, omijé sọ bẹ́ẹ̀.
Ẹlẹ́rìí mẹ́ta, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo,
kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a bi wọ́n.
Ìgbà wo? Èwo nínú wọn ló mọ ìgbà wo?"

Bùrúlíṣà, tí kò tíì la ẹnu láti àárọ̀,
ní, "Kùkùté kan wà lábẹ́ afárá."

A lọ, nínú ẹrẹ̀ tó dé ọrùn ẹsẹ̀.
Igi pópúlà ni. Ẹnu afárá gan-an ló hù sí,
níbi tí omi ìbá ti máa ya wọlé.
Ságínbékì fúnra rẹ̀ ló gé e nígbà òtútù, ó fi dáná.
Mo kúnlẹ̀, mo yọ abẹ́rẹ́ létí ìborùn mi,
mo fi ń ka òrùka inú igi, ọdún kan, òrùka kan,
àwọn ọdún ọ̀dá tín-ín-rín bí irun.
Mo kà á: méjìlélọ́gọ́ta.
Mo tún un kà: mọ́kànlélọ́gọ́ta.
Anákúlì ní kí n kọ èyí tó kéré.

Àgbà kan ní, bóyá erékùṣù kékeré ló hù lé.
A wo afárá: ojú kan ṣoṣo ló ní,
kò fẹ̀ ju kẹ̀kẹ́ ẹrù lọ.
Àgbà náà panu dé.
Ó kéré tán, ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó kọ ìwé, odò ti lọ.
Afárá tí wọ́n mú wá láti gbè é
ló wá dúró ti kùkùté.

Ságínbékì wo igi náà títí.
Ó ní, "Ó mà jó dáadáa o," ó dé fìlà rẹ̀.

Bàbá Mámbẹ́tì kò purọ́. Mo kọ ìyẹn náà sílẹ̀,
bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ní kí n kọ ọ́.
Lálẹ́, oje igi ṣì lẹ̀ mọ́ mi níka.
Mo ń ro gbogbo ohun tí mo ti gbà gbọ́ láyé mi
nítorí pé ẹni tó sọ ọ́ ń sunkún.
Mi ò tíì mọ ibi tí n óò ti abẹ́rẹ́ bọ̀.