Oko Tí Kò Lámì

Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú méje.
Mo wà ní Òǹdó, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò,
fóònù gbọ̀n nínú àpò mi bí ọmọ ewúrẹ́ tí òjò pa.
Màámi ni, láti Ìjọ̀kà, ní Àkúrẹ́.
Wọn ò mọ ibi tí àmì ohùn wà lórí fóònù:

Oko mi ti de.
O wa lenu ona.
Mo n ba a lo.

Ṣọ́ọ̀kì bọ́ lọ́wọ́ mi.
Ọkọ mi ti dé?
Ọkọ wo, Màámi?
Ọdún kẹta rèé tí a sin Bàbá sẹ́yìnkùlé,
lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi àgbálùmọ̀ tó kọ̀ tí kò so.
Ó wà lẹ́nu ọ̀nà?
Ta ló ṣílẹ̀kùn fún wọn?
Mo ń bá a lọ.
Akínlabí ti fèsì láti Sókótó:
"Màámi, ẹ má lọ o! Ẹ má dá wọn lóhùn!"
Bọ́ṣẹ̀dé fi ohùn ránṣẹ́, ẹkún ló pọ̀ jù níbẹ̀.
Mo pè. Mo tún pè.
Obìnrin inú fóònù ní ẹni tí mo ń pè kò sí ní àrọ́wọ́tó.
Wọ́ọ́rọ́wọ́ ló sọ ọ́,
bí ẹni pé òun náà mọ ibi tí wọ́n gbà lọ.

Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ mìíràn wọlé, láti inú áàpù ọkọ̀:
Pijó504 fẹ́ kí ẹ máa wo ìrìn àjò òun.

Orí mi wú.
Bàbá ni Pijó504.
Lọ́jọ́ tí mo gbé áàpù náà sórí fóònù wọn,
Akínrìnmádé ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́. Fóònù ní ẹlòmíràn ti gbà á.
"Ta ni? Ọmọ ilé wo?"
Wọ́n wá mú orúkọ ọkọ̀ tí wọ́n fi ná Àkúrẹ́ sí Òǹdó
fún ọdún mọ́kàndínlógún.
"Jẹ́ n wò ó bóyá ẹnìkan á tún ní òun ló ni èyí."

Mo ṣí i. Àwòrán Àkúrẹ́ tẹ́ sílẹ̀ bí ẹní,
ọkọ̀ kan tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ ń rìn lórí rẹ̀.
Ó fi Ìjọ̀kà sílẹ̀. Ó dúró. Kòtò ni, mo mọ ibẹ̀.
Ó kọjá Ọjà Ọba,
ó forí lé Alágbàká, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ojú

ojú!
Ọjọ́bọ̀ ni. Ọjọ́ dókítà ojú.
Ọkọ̀ ló dé. Ọkọ̀ ló wà lẹ́nu ọ̀nà.
Àmì kan ṣoṣo, tí kò tó ẹsẹ̀ eèrà,
ló wà láàrin mọ́tò aláwọ̀ eérú ọmọkùnrin ará Ìdànrè kan
àti òkú tó padà wá mú ìyàwó rẹ̀.
Mo rẹ́rìn-ín títí àwọn ọmọ kíláàsì fi ń wo ara wọn.

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n tó pè. Wọ́n ti dé "ulé", bí wọ́n ti máa ń pè é.
Òjò ọjọ́ mẹ́ta ni kò jẹ́ kí sólà gba oòrùn,
fóònù sì kú sọ́nà.
Mo sọ ohun tí a rò fún wọn.
Wọ́n dákẹ́ díẹ̀.
"Ọkọ wo ló ń gba ẹgbẹ̀rún méjì ààbọ̀ lọ́wọ́ ìyàwó
láti Ìjọ̀kà dé Alágbàká?"

Mo ní ká pààrọ̀ orúkọ orí áàpù, ká fi tiwọn sí i.
Wọ́n kọ̀.
Wọ́n ní bí awakọ̀ bá dé, á ní, "Pijó504 ńkọ́?"
Àwọn á ní, "Ó ní kí n máa lọ ṣáájú."
Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti béèrè Bàbá lẹ́nu ọ̀nà yẹn.

"Dúró, fóònù ń bi mí ní nǹkan."
Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kà á lọ́rọ̀ lọ́rọ̀,
pẹ̀lú ojú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kán oògùn sí:
"Pijó504, báwo ni ìrìn àjò yín? Ṣé ẹ gúnlẹ̀ dáadáa?"

N kò sọ̀rọ̀.
Mo ń gbọ́ wọn tí wọ́n ń tẹ ìràwọ̀:
ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin.
Wọ́n sinmi díẹ̀ kí wọ́n tó tẹ ìkarùn-ún.