Ọjọ́ Kìn-ín-ní, Láti Ọ̀fà

Aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú márùn-ún ni Múníràtù pè.
"Bàbá, a ti tú okùn."
Mo gbọ́ afẹ́fẹ́ lẹ́yìn ohùn rẹ̀,
mo gbọ́ Láwàní, ọkọ rẹ̀, tó ń ké pé kó di nǹkan kan mú.
N ò mọ ohun tó ní kó dì mú.
Fóònù dákẹ́.

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi fa sígínà ní ibùdókọ̀ réluwé Ọ̀fà.
Bí ọkọ̀ bá kúrò ní Òkukù, Òkukù á tẹ̀ mí láago.
Bó bá kọjá lọ́dọ̀ mi, èmi náà á tẹ Ìlọrin láago.
Ọkọ̀ kì í sọnù láàárín ẹni méjì tó ń retí rẹ̀.
Ta ló wá wà níwájú àwọn wọ̀nyí, tí n ó tẹ̀ láago?
Omi ni.
Lẹ́yìn omi, omi.

Àwáwù ìyàwó mi tẹ́ máàpù ọmọ iléèwé sórí tábìlì,
ó fi èékánná wọn ọ̀nà láti Èkó dé Sáó Tómẹ̀.
Kò tó èékánná kan.
"Ibí yìí náà ló máa gbà wọ́n ní ọjọ́ márùn-ún?"
Mo ní èékánná ò mọ ìgbì.

Wọ́n ní ìjàkadì lorò Ọ̀fà.
Àmọ́ ìjàkadì nílẹ̀ tí a ń gbé ènìyàn dá lé.
Níbi tí kò sílẹ̀,
báwo la ṣe ń mọ ẹni tó ṣubú?

Lọ́sàn-án, mo gun ọ̀kadà dé etí odò Ọ̀yún.
Ọyẹ́ ti lá a gbẹ, omi ò ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ.
Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ọmọ yìí bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́,
lọ́dún tí òjò pọ̀, tó pé ọmọ ọdún méje.
Mo fi àtẹ́lẹwọ́ gbé ikùn rẹ̀, mo rọra yọ ọwọ́.
Ó ń lọ, ó ń wí pé, "Bàbá, ẹ má fi mí sílẹ̀ o,"
mo sì ń dáhùn pé mo dì í mú,
èmi tí mo ti wà lẹ́yìn rẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá.

Lẹ́yìn ìrun ìṣáì, àtẹ̀jíṣẹ́ gba ojú sánmà wọlé:
*Láwàní ń bì láti àárọ̀. Èmi ni mo wà nídìí ìtọ́kọ̀.
Ìgbòkun kún dáadáa. A ò rí ilẹ̀ mọ́.*
Àwáwù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀:
"Ọkọ dùbúlẹ̀, ọkọ̀ ń lọ!"
Ó nu ojú. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Mo yọ ìwé ibùdókọ̀ jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì,
èyí tó yẹ kí n ti dá padà fún ìjọba.
Orúkọ ọkọ̀: n ò rántí bèèrè.
Àkókò tó gbéra: mẹ́fà ku márùn-ún.
Àkókò tó dé:
Àwáwù ní kí n wá sùn.
Mo ní mò ń bọ̀.