Inú Wo?

Ní Raahe, létí òkun tó dì gbagidi,
oòrùn a yọjú lágogo mẹ́wàá òwúrọ̀
bí onígbèsè tó fẹ́ kọjá láìkíni;
kí agogo mẹ́ta tó lù, ó ti bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.
Èmi Taisto, ajórinpọ̀ fún ọdún méjìdínlógójì,
mo jókòó sídìí fèrèsé, mò ń wo òjò dídì.

Inú mi bàjẹ́ lọ́jọ́ tí Sylvi kú.
Ẹ má rò pé ẹkún ni mò ń sun. N ò sunkún.
Mo kàn ń gbé kọfí kalẹ̀ fún ẹni méjì,
mo sì ń da ife kan nù.
Oṣù mẹ́rin kọjá kí dókítà tó fún mi ní wóró funfun:
ọ̀kan láràárọ̀, má ṣe fò ó.
Mo tọ́jú rẹ̀ sínú agolo ìṣó
níbi tí àlejò kankan kò ní wò.
Ọkùnrin tó fi iná lẹ irin mọ́ irin,
ṣé ó yẹ kó máa gbé oògùn ìbànújẹ́ mì?

Wóró náà ṣiṣẹ́, n kò ní purọ́.
Lọ́sẹ̀ kẹfà mo gbọ́ tí ẹyẹ kan ké lórí òrùlé.
Ṣùgbọ́n bó ti ń tún inú kan ṣe
ló ń da inú kejì rú.
Ikùn mi ń kùn bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi tó fẹ́ kọṣẹ́.
Mo sọ fún Irja, àbúrò mi, lórí fóònù
pé inú ń run mí.

Ó fi ike kan ránṣẹ́ láti Kuopio:
ẹ́ńsáìmù tí wọ́n fà yọ látinú ọ̀pẹ̀yìnbó,
oje èso ilẹ̀ gbígbóná fún ikùn ará ilẹ̀ yìnyín.
"Á bá ọ lọ oúnjẹ," ló kọ sínú ìwé kékeré kan,
"èso lásán ni, kò lè pa ọ́ lára."
Mo ń gbé e mì pẹ̀lú ẹja. Mẹ́ta lóòjọ́.

Lọ́jọ́ kọkànlá, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín mi pọ́n.
Mo fi apá gbá etí tábìlì, díẹ̀ báyìí,
ilẹ̀ mọ́, ibẹ̀ ti di àwọ̀ èso igbó
tí Sylvi máa ń ká lóṣù kẹjọ.
Imú mi kán tó, tó, tó, sórí òjò dídì níwájú ilé.
Ajá aládùúgbò wá gbóòórùn rẹ̀.

Enni tó ń poògùn lẹ́bàá báńkì
kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún.
Ó wo apá mi. "Kí lẹ tún ń gbé mì?"
Mo ní kò sí nǹkan.
Ó dákẹ́. Ó mọ bí wọ́n ti ń dákẹ́.
Mo yọ ike Irja lápò.
Ó ní: "Wóró yín lè mú kí ẹ̀jẹ̀ lọ́ra láti dì.
Oje èso yìí, a fura pé ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ náà.
Bóyá wọ́n mọ ara wọn, bóyá wọn ò mọra;
kò sẹ́ni tó tíì jókòó tì wọ́n pẹ́ tó láti búra.
Ṣùgbọ́n apá yín ń sọ̀rọ̀.
Ẹ dá èso dúró. Ẹ má dá wóró dúró láìrí dókítà,
ẹ lọ rí i lọ́la.
Kẹ́ ẹ sì máa jẹun kẹ́ ẹ tó lò ó."

Lálẹ́ mo pe Irja láti kọ ẹ̀bùn rẹ̀.
"Kí ló dé? Èso lásán kọ́?"
Ẹnu mi wúwo ju òòlù lọ.
Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ.
"Ó ń bá oògùn kan jà," mo ní. "Oògùn inú."
"Inú tó ń run ọ́?"
"Rárá. Èyí tó bàjẹ́."

Mo gbọ́ tó fa àga.
Mo gbọ́ kẹ́tùlù rẹ̀ tó ń hó,
ó hó títí, kò pa á.
Lẹ́yìn náà ló bi mí, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó mọ̀nà ibẹ̀:
"Mílígíráàmù mélòó?"