Ìdí-Ààrò

Òjò Valdivia kì í béèrè bóyá a ti jí.
Láti òru ló ti ń rọ̀: sórí odò,
sórí àwọn kìnnìún òkun tó sùn gbalaja
nítòsí ìsọ̀ àwọn ẹlẹ́ja,
sórí páànù ọ́fíìsì àwa awọnlẹ̀,
ènìyàn mẹ́fà, kọ̀ǹpútà mẹ́fà,
ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan ṣoṣo.

Ọ̀dọ̀ Eduvigis ló wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò onígi.
Okùn rẹ̀ kò gùn ju apá ọmọdé lọ:
láti ẹ̀yìn ẹ̀rọ dé ìhà kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó parí.
Ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀wé, kó dìde,
kó mú fíláàṣì dání bí ẹni mú àbẹ́là,
kó tò sẹ́yìn Rigoberto tí ń húkọ́,
kó gbọ́ bí ọmọ-ọmọ Eduvigis ṣe hu eyín kejì,
kó tó kàn án.
Ìwé ojú-ewé kan, ìròyìn ojú-ewé mẹ́wàá.
Ẹ̀rọ kan, èrò mẹ́fà.

Èmi ni mo ní ó tó gẹ́ẹ́.
Mo rá wọ abẹ́ tábìlì lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀:
eruku, èèpo ẹ̀pà, bọ́tìnnì ẹ̀wù òtútù kan.
Mo ní kí kọ̀ǹpútà rẹ̀ yá wa ní ẹ̀rọ náà,
mo sọ ẹ̀rọ ní Ìdí-Ààrò
kí àwọn yòókù lè rí orúkọ pè é.
Kọ̀ǹpútà kan kò rí i rárá.
Òmíràn rí i, ó ní òun kò gbédè rẹ̀;
mo wá ògbufọ̀ fún un.
Ti ọ̀gá béèrè páswọọ̀dù
bí ọlọ́dẹ tó gbàgbé ojú onílé.
Nígbà tí aago márùn-ún lù,
Millaray jókòó sójú fèrèsé, ó tẹ bọ́tìnnì,
ní òdìkejì yàrá, ẹ̀rọ kùn, ó pọ ìwé.
A pàtẹ́wọ́.
Eduvigis kò pàtẹ́wọ́. Ó ní,
"Nehuén, ṣé èmi náà ti di ara ẹ̀rọ nìyẹn?"

Mo rẹ́rìn-ín. N kò mọ̀ pé òótọ́ ló sọ.
Bó bá pa kọ̀ǹpútà tirẹ̀, iṣẹ́ gbogbo wa kú.
Mo lẹ bébà mọ́ ọn: Ẹ JỌ̀Ọ́, Ẹ MÁ PA Á.
Ó lọ jẹun, kò pa á. Ó lọ sílé, kò pa á.
Kò sẹ́ni tó dìde mọ́.
Rigoberto ń húkọ́ lórí àga tirẹ̀.
Eyín ọmọ yẹn á ti tó mélòó?
Kò sẹ́ni tó sọ fún mi.

Ní oṣù keje, mo kọ lẹ́tà kan
sí ilé-iṣẹ́ awakùsà ní Antofagasta,
ní aṣálẹ̀, níbi tí òjò kò mọ̀nà dé.
Mo fẹ́ fi í pamọ́ ni. Ìka mi ṣìnà.
Mo gbọ́ ẹ̀rọ tó kùn.
Yàrá tí mo ń fi ìṣísẹ̀ mẹ́jọ là kọjá
gùn mọ́ mi lẹ́sẹ̀ bí odò.

Kí n tó dé, ó ti da ojú ìwé dé ilẹ̀,
ó gbé awò ojú rẹ̀ lé e.
Kò wò mí. Ó ju igi kan sínú ààrò.
"O fo lẹ́tà kan nínú Antofagasta," ló wí.
"Mo ti fi pẹ́ńsùlù sí i. Lọ tún un tẹ̀,
n óò máa wo òjò."

Mo wo Rigoberto, mo wo Millaray,
mo wo ilẹ̀kùn ọ̀gá tó wà ní títì.
Ta ni kò tíì gba abẹ́ awò ojú yẹn kọjá?
Mo fa àga. Mo jókòó.
Mo ní, "Eyín ọmọ ńkọ́?"
"Háà," ló wí, ó na ọwọ́ òsì sí mi,
àpá kékeré mẹ́rin, pupa,
"ó ti ń fi gé mi jẹ."