Ẹsẹ̀ Òsì Ìbídùn

Ọdún kọkànlélógún nìyí tí mo ti ń jẹ́ Ìbídùn
ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́jọ ààbọ̀.
Orúkọ tí bàbá mi sọ mí ní Ìjẹmọ̀,
ìwé báńkì nìkan ló ṣì ń pè é.

Bàbá Ṣóyíọlá ló kọ́kọ́ kọ mí.
Bírò búlúù, ìwé ọmọ iléèwé olójú-ewé ọgọ́ta,
lábẹ́ igi máńgòrò ní Òkè-Ìlèwó.
Ẹsẹ̀ ń dùn ún lọ́dún náà (ọ̀kadà ló gbá a ní Sàpọ́n),
ló bá ní kí Ìbídùn máa tiro, ẹsẹ̀ òsì.
Ó fún mi ní ahọ́n tó mú bí abẹ,
ó ní n kò gbọdọ̀ sunkún níwájú ọkùnrin kankan,
ó wá ti lẹ́tà kan sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi nínú eré:
“Ìyá tó tọ́ ọ kọ́ ló bí ọ. Wá a lọ.”
Kó tó sọ ẹni tó kọ lẹ́tà, ó kú.
Ẹ̀jẹ̀ ríru. Oṣù kẹta, òjò àkọ́rọ̀.

Ìyáàfin Ọ̀ṣínúbi gba gègé.
Ẹni jẹ́jẹ́, olórí ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì rí,
kò fẹ́ràn obìnrin tí ẹnu rẹ̀ mú.
Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ó sọ mí di ẹlẹ́kún:
mo sunkún ní ìdáná, mo sunkún ní báńkì,
ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dárí ji ọkọ tó já mi sílẹ̀.
Kò kọ “ó ń tiro” sínú ìwé mọ́.
Mo ń tiro.
Nígbà tí mo lóyún Ọlárìnmóyè, tí ìró kò bo ikùn mọ́,
ó sọ mí sódò Ògùn.
Bàtà mi nìkan ni wọ́n yà, létí afárá Lafẹ́nwá,
bàtà òsì, tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ti jẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.
Àwọn obìnrin Ìtòkú ṣọ̀fọ̀ mi.
Mo wà nílé, ọmọ lẹ́nu ọyàn,
mo ń wo ìsìnkú ara mi.

Mọ́gbọ́láhàn ló jí mi dìde.
Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, kọ̀ǹpútà lórí itan,
ó ti ń wò mí láti jẹ́lé-ó-sinmi.
Ó ní apẹja kan ló yọ mí;
ó fún mi ní ilé-iṣẹ́ bùrẹ́dì, ó fún mi ní ẹ̀rín,
ó fún mi ní ọ̀dọ́kùnrin kan
tí ojú ń tì mí láti bá ọmọ mi jókòó wò.
Lọ́jọ́ kìíní ó béèrè: “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló ṣe ẹsẹ̀ yín?
Kò sí nínú ohun tí mo kọ.”
Mo ní, “Kò sí nínú ìwé. Orúnkún ló wà.”

Lánàá, lọ́jà Kútọ̀, arúgbó kan dì mí lápá mú.
Kò kí mi.
“Ìbídùn, ṣé o ti rí ìyá ẹ?”
Mo ní, “Mò ń wá a, Mà.”
Ó ní, “Má pẹ́ o. Èmi náà kò ní pẹ́ wò mọ́.”

Lẹ́tà náà wà nínú àpótí mi.
Alẹ́ àná ni mo ṣí i, lẹ́yìn ọdún méjìdínlógún.
Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀. Bàbá kàn fi bírò fa ìlà wọ́gọwọ̀gọ
kí kámẹ́rà lè rí nǹkan.
Mo ká a padà. Mo dìde láti lọ pa iná,
ẹsẹ̀ òsì ni mo kọ́kọ́ tẹ̀ mọ́lẹ̀,
ó sì dùn mí ní tòótọ́.